Ohun Tí Òjò Kọ́ Mi Nídìí Iṣẹ́ Gíláàsì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jáde ìwé, tí ẹ ń yẹ iṣẹ́ wò bí ẹni ń yan iṣu lọ́jà, ẹ jókòó díẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ bí mo ṣe lo ọjọ́ ayé mi nídìí iṣẹ́ fún yín. Iṣẹ́ tèmi kò wọ́pọ̀. Gíláàsì ni mo fi ayé mi yọ́. Kì í sì í ṣe gíláàsì tí wọ́n ń fi yanrìn yọ́, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìgò àti fèrèsé ilé. Gíláàsì eegun ni. Eegun màlúù tí ajá ì bá gbé lọ, òun ni àwa ń sọ di ohun tí oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí mo bá sọ ọ́, àwọn ènìyàn á rò pé mo ń ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ ni mo fi ṣe é, n kò sì kábàámọ̀.

Ràbíátù lorúkọ mi. Masifa ni wọ́n ti bí mi. Ìmàle ni bàbá mi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá mi, inú abọ́ kan náà la sì ti ń jẹ iyán. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni mo parí ìwé Mọ́dà, ilé ìwé tó tẹ̀ lé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ní Ẹ̀jìgbò kò gùn láti sọ. Ìyàwó rẹ̀ àti ìyá mi jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà. Ìyá mi ní ọmọ òun kò fẹ́ ránṣọ, kò fẹ́ tajà, ìdí ohun gbogbo ló sì ń béèrè. Ìyàwó ọ̀gá ní, "Ẹ mú un wá, ká wò ó bóyá iná á lé e sílé." Iná kò lé mi sílé. Ní ti owó tí wọ́n ń fún mi, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ó tó jẹun, kò tó kọ́lé.

Ọ̀gá mi ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ọ̀tún sì ti jóná tipẹ́ láìhù mọ́. Ó ti gbé Àbíjáǹ fún ogún ọdún, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀jìgbò ṣe ń ṣe. Níbẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó Faransé arúgbó kan tó ń ṣe bọ́tìnì àti ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tó padà wálé, èdè Faransé kò tán lẹ́nu rẹ̀. Pàtírọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí àwọn ará Àbíjáǹ ṣe ń pe ọ̀gá iṣẹ́. Èmi ń pè é ní Bàbá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lè yé yín. A ó sun eegun títí yóò fi funfun báláú. A ó gún un, a ó sẹ́ ẹ, a ó rẹ ẹ́ sínú omi bátìrì fún ọjọ́ mélòó kan. Bí a bá fi aṣọ sẹ́ ẹ, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á kù sínú aṣọ, omi rẹ̀ á jáde. Omi yẹn la ó sè títí yóò fi ki bí oyin. Lẹ́yìn náà la ó pò ó mọ́ káún, àní káún tí àwọn ìyá yín fi ń se ilá, àti ìkarahun ìgbín tí a lọ̀ kúnná. Ìkòkò amọ̀ la ń kó o sí, inú ìléru èédú la ti ń yọ́ ọ. Bí a bá fẹ́ kó ní àwọ̀ búlúù, a ó fi òkúta búlúù tí àwọn àgbẹ̀ ń pò fún àrùn kòkó sí i díẹ̀. Yanrìn ń fẹ́ iná tí ìléru wa kò lè dá, ṣùgbọ́n eegun kò fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin kan ní Ẹ̀jìgbò fi lè máa yọ́ gíláàsì lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Ní ọdún kìíní, n kò sún mọ́ ìléru. Eegun ni mo ń gún, tí mo ń lọ ìkarahun lórí ọlọ, tí mo ń fẹ́ ẹwìrì títí apá fi ń ro mí. Ní ọdún kejì ni Bàbá gbé òṣùwọ̀n lé mi lọ́wọ́. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò ni, abọ́ rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ó tún fún mi ní ìwé kan tó ní èèpo líle. Gbogbo ohun tí a bá pò ni mo gbọ́dọ̀ kọ sínú rẹ̀ kí iná tó kàn án.

Ẹ má bi mí bí ó ṣe le tó. Mo rántí ọjọ́ kan tí Bàbá dúró lẹ́yìn mi.

"Kí lo wọ̀n síbẹ̀?"

"Káún ni, Bàbá. Ìwọ̀n mẹ́ta."

Ó bẹ̀rẹ̀ wo òṣùwọ̀n náà, ó di èémí rẹ̀ mú kó má baà fẹ́ ẹ. "Ṣé mẹ́ta ni àbí mẹ́ta ó lé?"

"Ó lé, Bàbá, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni."

"Díẹ̀ ta ni? Ankọ́!"

"Ankọ́" ni Faransé tí wọ́n fi ń sọ pé kéèyàn tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbọ́ jù láyé mi. Bí mo bá da káún nù, ankọ́. Bí ìkarahun kò bá kúnná, ankọ́. Bí mo bá gbé gíláàsì kúrò nínú eérú gbígbóná kó tó tutù tán, tó sì sán pẹ́pẹ́, Bàbá kò ní pariwo. Á kàn kó àfọ́kù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, á ní, "Ankọ́." Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè ìdí tí káún fi gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́rin, á dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Mo gbọ́ òwe náà, àmọ́ kò tíì yé mi.

Ní ọdún kẹta, ìjọ kan ní ìlú Ara kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Wọ́n fẹ́ fèrèsé gíga kan lẹ́yìn pẹpẹ, tí yóò ní ogójì dígí aláwọ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò sì fi dígí kan rántí ẹni wọn tó ti lọ. Bàbá Ìjọ fúnra rẹ̀ ló gun kẹ̀kẹ́ wá bá wa. Obìnrin kan tẹ̀ lé e, opó tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà, Ìyá Bánjí. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ibà ti pa á lọ́dún tó ṣáájú.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó na aṣọ pélébé kan sí mi.

"Ẹ̀wù tó ń wọ̀ lọ sílé ìwé nìyí," ó wí. "Ṣé ẹ lè ṣe búlúù tó bá èyí mu?"

"A óò gbìyànjú, Mà."

"Ẹ má gbìyànjú, ọmọ mi. Ẹ ṣe é."

A bẹ̀rẹ̀. Dígí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n jáde láìsí wàhálà, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ oyin. Ó ku àwọn búlúù mẹ́fà, ti Bánjí sì wà nínú wọn. Ni ìròyìn dé láti Àbíjáǹ pé ẹ̀gbọ́n Bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn. Kí Bàbá tó lọ wò ó, ó pè mí.

"Ràbí, ìwọ lo máa parí rẹ̀. Ìwé wà lọ́wọ́ ẹ, òṣùwọ̀n wà lọ́wọ́ ẹ. Má fojú wọ̀n ọ́n."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. Ṣùgbọ́n èédú tí wọ́n kó wá ní ọ̀sẹ̀ yẹn tutù, ẹ̀fín ló ń rú, kò mú ooru wá. Mo fẹ́ ẹwìrì, mo fẹ́ ẹ títí, gíláàsì inú ìkòkò kọ̀ láti ṣàn. Ó dì gbagidi bí ẹ̀kọ àná. Bí mo bá sì dà á, ojú rẹ̀ á kún fún ihò wẹ́wẹ́. Ọjọ́ ìyàsímímọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti sún mọ́lé. Mo ti kíyè sí i tipẹ́ pé nígbà tí káún bá lé díẹ̀, gíláàsì máa ń tètè yọ́. Mo wo ẹ̀yìn, kò sí ẹni tó máa sọ pé ankọ́. Mo bu káún kún un.

Ẹ̀yin ọmọ, ó ṣàn bí oyin! Ó mọ́ gaara, búlúù rẹ̀ sì bá ẹ̀wù Bánjí mu bí ẹni pé inú aró kan náà ni wọ́n ti jáde. Bí mo ṣe ń yọ́ ọ lọ bẹ́ẹ̀ ni mo ń fi káún kún un sí i, torí èédú ń burú sí i. Ti Bánjí ni mo yọ́ kẹ́yìn, òun ló sì ní káún jù. N kò kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwọ̀n mẹ́ta ni mo kọ.

Bàbá padà dé, ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti yá. Ó gbé dígí kọ̀ọ̀kan sókè sí oòrùn.

"Ṣé bí mo ṣe wí lo ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rẹ́rìn-ín sí iṣẹ́ mi. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi, ó sì wúwo lọ́kàn mi.

Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì náà sí mímọ́. Oòrùn gba inú fèrèsé wọlé, ó fi oríṣiríṣi àwọ̀ kun orí àwọn ènìyàn. Ìyá Bánjí jókòó síbi tí búlúù ọmọ rẹ̀ ń bọ́ sí, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sínú ìmọ́lẹ̀ náà bí ẹni ń gba omi. Títí isìn fi parí, kò gbé ọwọ́ náà kúrò.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, òjò bẹ̀rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Bàbá Ìjọ dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ dé orókún rẹ̀. Kò tilẹ̀ dúró kí a kí i tán.

"Pàtírọ̀n, ẹ bá mi ká lọ. Àwọn dígí ń sunkún."

Nígbà tí a dé Ara, èrò ti kún àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Lóòótọ́ ni. Dígí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n dúró, àwọn mẹ́fà tó jẹ́ búlúù ni ojú wọn ti ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, omi búlúù ń ṣàn láti ara wọn sórí ògiri funfun. Ti Bánjí ló burú jù. Ó ti fẹ́lẹ́ láàárín bí ọṣẹ tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú omi. Àwọn kan wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà. Àwọn kan ń fi ìgò gbe omi náà pé omi ìwòsàn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń lọ lábẹ́lẹ̀ ló já mi láyà. Wọ́n ní ọmọ tó kú ló ń sunkún. Wọ́n ní ọmọ kì í sunkún báyẹn lásán, ìyá rẹ̀ ló mọ ohun tó pa á.

Ìyá Bánjí nìkan ló jókòó sábẹ́ igi òdòdó tó wà ní ẹ̀gbẹ́ àgbàlá. Kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò mí.

A ń padà bọ̀ sí Ẹ̀jìgbò, Bàbá ń ti kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, èmi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀ pé bóyá omi bátìrì tí òun rà kò dára, bóyá eegun ni kò jóná tán, bóyá òun ti darúgbó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tó ọdún kan.

"Bàbá, èmi ni."

Ó dúró.

"Mo fi káún kún un. Èédú tutù, kò yọ́, mo fi káún kún un. Ìwọ̀n márùn-ún, nígbà mìíràn mẹ́fà. Mẹ́ta ni mo kọ."

Mo ń retí ìbínú, mo tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti igi, ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Mo sọ fún ẹ pé má fojú wọ̀n ọ́n," ó wí. "Àmọ́ o bi mí ní ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, n kò dá ẹ lóhùn. Ṣé o mọ ìdí tí n kò fi dá ẹ lóhùn? N kò mọ̀ ọ́n. Òyìnbó náà ò sọ fún mi, èmi náà ò sì bi í." Ó dìde. "Ta ló kù tó yẹ kó gbọ́ ohun tó o sọ yìí?"

"Ìyá Bánjí, Bàbá. Àti gbogbo ìjọ."

"Nígbà náà, wá nǹkan tí wọ́n á fi ojú rí. Ẹnu lásán kò lè wẹ obìnrin yẹn mọ́."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo dúró níwájú ìjọ Ara, mo wé ìborí mi. Mo ti ní kí wọ́n gbé abọ́ tánganran méjì tó ní omi gbígbóná wá. Mo mú àfọ́kù gíláàsì méjì dání. Ọ̀kan jẹ́ àṣẹ́kù èyí tí Bàbá pò, ìkejì jẹ́ àṣẹ́kù èyí tí mo fi káún bà jẹ́. Mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ tirẹ̀, mo ní kí Bàbá Ìjọ jẹ́ kí wọ́n máa bá isìn lọ. Wọ́n kọrin, wọ́n ka Bíbélì, wọ́n gbàdúrà, ojú gbogbo wọn sì wà lára abọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín ìkẹyìn, omi abọ́ kìíní mọ́ bó ṣe wà. Ti èkejì ti di búlúù.

"Bàbá Ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kàn án."

Bàbá Ìjọ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó gbé àfọ́kù náà jáde, ó ti kéré, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ilá.

"Kì í ṣe Bánjí ló ń sunkún," mo wí. "Ọmọ ò lẹ́jọ́ sí i, ìyá rẹ̀ ò lẹ́jọ́ sí i. Káún ni. Èmi ni mo fi kún un ju bó ṣe yẹ lọ nítorí pé mo fẹ́ tètè parí. Mo sì purọ́ fún ọ̀gá mi."

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ọmọ Ìmàle ni! Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni!"

Bàbá Ìjọ kò tilẹ̀ yíjú síbẹ̀. "Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síbí," ó wí. "Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbe omi káún sínú ìgò, ẹ lọ dà á nù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń pa ìtàn mọ́ obìnrin yìí, ẹ mọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe."

Ìyá Bánjí dìde. Ó ń bọ̀ wá bá mi láàárín àga, mo sì ń múra sílẹ̀ fún ìgbátí. Ó dúró níwájú mi.

"Ṣé o lè tún un ṣe?"

"N kò tíì mọ̀, Mà. Màá kọ́ ọ."

"Ó dáa," ó wí. "Kó ṣáà jẹ́ búlúù."

Láti ọjọ́ yẹn, ilé iṣẹ́ wa yí padà. Kì í ṣe ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ mọ́ nìkan, ẹni méjì tó ń wá ìdí ọ̀rọ̀ ni wá. A to ìgò aláìlórí sórí pákó lẹ́yìnkùlé, a bu omi òjò sí wọn, a fi àfọ́kù gíláàsì kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá dín káún kù tí a fi ìkarahun ìgbín kún un, omi kì í tètè borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìkarahun bá pọ̀ jù, gíláàsì á dì funfun bí òkúta, ìmọ́lẹ̀ kò ní gba inú rẹ̀ kọjá. Ìpẹtà irin mú un le dáadáa, àmọ́ ó sọ ọ́ di dúdú. Ta ló fẹ́ dígí dúdú ní ṣọ́ọ̀ṣì? Oṣù mẹ́ta la fi ń ṣe báyẹn, gbogbo búlúù tí a bá yọ́, kódà èyí tó ní ìwọ̀n mẹ́ta, á ṣì sunkún bópẹ́ bóyá.

Orí àkìtàn ni ìdáhùn ti wá. Ìkòkò amọ̀ kan wà tí a ti jù nù nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, nítorí gíláàsì inú rẹ̀ ti jẹ ara ìkòkò náà títí ó fi lu. Mo fẹ́ kó àkìtàn lọ́jọ́ kan, mo rí nǹkan tó ń dán nínú àfọ́kù rẹ̀. Gíláàsì búlúù ni. Gbogbo òjò ọdún yẹn ló ti rọ̀ lé e lórí, ó sì ń dán bí ojú ẹja.

"Bàbá! Ẹ wá wo èyí!"

Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi èékánná ha á. "Èyí tó jẹ ìkòkò nìyí?"

"Òun ni."

"Kí ló jẹ nínú ìkòkò?"

"Amọ̀ ni, Bàbá."

A wo ara wa. Ó wọlé lọ mú ẹfun, amọ̀ funfun tí ìyàwó rẹ̀ fi ń kun ògiri. A lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a fi ìwọ̀n kékeré kan sí i, ó kéré débi pé èémí lásán lè fẹ́ ẹ dànù. Ó fẹ́ iná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá àti èmi jọ ń gba ẹwìrì lọ́wọ́ ara wa títí ó fi yọ́. Nígbà tí a wá fi í sínú omi, ọ̀sẹ̀ kìíní, kò sí nǹkan. Oṣù kìíní, kò sí nǹkan. Bàbá pàṣẹ kí n fi ẹfun ìlọ́po méjì dán an wò, èyí kò yọ́ rárá, ó kàn sùn sínú ìkòkò bí ẹ̀bà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ankọ́." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà kò dùn mí.

Dígí mẹ́fà tuntun lọ sí Ara kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Nígbà tí òjò kìíní rọ̀, Bàbá Ìjọ ránṣẹ́ pè wá. A bá Ìyá Bánjí lórí àpótí, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu dígí ọmọ rẹ̀. Ó wo aṣọ náà, ó tún nu ún, ó tún wò ó. Kò sí àwọ̀ kankan lára rẹ̀. Ó yíjú sí wa, ó ní, "Ó gbẹ." Lẹ́yìn náà ló sunkún, òun gan-an. Àwọn obìnrin tó ti sá fún un tẹ́lẹ̀ ló wá dì í mú. Mo lọ dúró síta nítorí èmi náà kò lè pa á mọ́ra.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọdún yẹn ṣe kọjá. Ohun èlò yí padà lójú mi. Ẹwìrì di ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ nígbà tí iná mànàmáná dé Ẹ̀jìgbò, inú mi sì dùn fún apá mi. Òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń dúró sórí nọ́ńbà. Nígbà tí Bàbá dolóògbé, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan gbà mí sí yàrá ìwádìí wọn. Ìléru oníná tí wọ́n ní níbẹ̀, o kàn máa tẹ nọ́ńbà ooru tó o fẹ́ ni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo dúró ńbẹ̀ mo ń wá ibi tí màá ti máa fẹ́ ẹ.

Níbẹ̀ ni olùkọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan ti dáhùn ìbéèrè tí mo ti bi Bàbá láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ ronú àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n to lórí ìlà gígùn, tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Bẹ́ẹ̀ ni inú gíláàsì eegun ṣe rí. Káún ló ń já ọwọ́ wọn. Ìlà á kúrú, á rọrùn láti yọ́, àmọ́ omi á máa fà wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹfun ní tirẹ̀ dà bí ẹni tó dúró sáàárín ìlà méjì, tó na ọwọ́ mú àwọn ti ọ̀tún àti ti òsì. Ó ṣòroó tú ká. Ìdí nìyẹn tó fi ń fẹ́ iná púpọ̀, ìdí nìyẹn tí òjò kò fi rí i gbé ṣe." Mo jókòó. Mo ní kó tún un sọ. Ó dùn mí pé Bàbá kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Ohun tí ọmọ yìí ń ṣàlàyé, ọwọ́ ọ̀gá mi ti mọ̀ ọ́n kí ojú rẹ̀ tó rí i.

Bí ẹ bá wá béèrè lọ́wọ́ mi pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ ṣe, n kò ní sọ pé ẹ wá yọ́ gíláàsì. Ohun tí màá sọ ni pé kí ẹ wá iṣẹ́ tí ẹ lè bi ní "kí ló dé," kí ẹ sì wá ọ̀gá tó lè sọ pé "n kò mọ̀" láìtijú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ibi tí ọwọ́ méjèèjì bá ti pàdé, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ní ọdún tó ṣáájú ìfẹ̀yìntì mi, wọ́n ní kí a wo bóyá gíláàsì eegun lè wúlò fún ilẹ̀. Ohun tí àgbàdo ń fẹ́ wà nínú eegun, àwọn àgbẹ̀ ń ra ajílẹ̀ nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n òjò ńlá kan lè wẹ̀ ẹ́ lọ lọ́jọ́ kan. Olùkọ́ náà ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ bí gíláàsì ṣe ń yọ́ nínú omi. Ṣé ẹ lè ṣe èyí tó máa yọ́, àmọ́ tí kò ní kánjú?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Gbogbo ayé mi ni mo fi lé omi kúrò lára gíláàsì, wọ́n wá ní kí n pè é wọlé! Mo wọn káún, mo wọn ìkarahun, mo yọ ẹfun kúrò pátápátá. Ìgbà mọ́kànlá ni mo tún un ṣe kí ó tó rí bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Mo lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun, mo gbé e lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ìlú ọkọ mi.

Àbúrò ọkọ mi, tí mo ń pè ní Bàbá Kékeré, ni mo bẹ̀ pé kó yọ̀ǹda ebè díẹ̀ fún mi nínú oko àgbàdo rẹ̀. Ó wo ìyẹ̀fun náà, ó wò mí.

"Ìyàwó wa, gíláàsì lẹ fẹ́ kí n gbìn?"

"Ẹ má gbìn ín, Bàbá Kékeré. Ẹ kàn wọ́n ọn sí ebè wọ̀nyí, kí ẹ fi àwọn tó kù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà."

"Bí àwọn ènìyàn bá bi mí, kí ni kí n wí?"

"Ẹ ní ìyàwó yín ló ya wèrè."

Ó wọ́n ọn, ṣùgbọ́n ó ń mi orí. Òjò rọ̀, ó dá, ó tún rọ̀. N kò lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, n kò fẹ́ kí ojú mi rí ohun tí ọkàn mi ń bẹ̀rù. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo ń gbá iwájú ilé, mo gbọ́ igbe láti ojú ọ̀nà oko. Bàbá Kékeré ni, ó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ewé àgbàdo kan tó fẹ̀, tó dúdú minimini, wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó wa! Ẹ jáde wá o! Gíláàsì yín ti hù!"